Ọ̀pọ̀lọ́ Bàbá Jámánì

"Awakọ̀ ẹnu!"

Kẹ́mi ló sọ bẹ́ẹ̀ lójú gbogbo kíláàsì, ó sì na ìka sí Sàrátù bí ẹni tó rí olè tó gbé ewúrẹ́ rẹ̀. "Ojoojúmọ́ ni 'mo wa ọkọ̀ bàbá mi, mo wa ọkọ̀ bàbá mi.' Ta ló rí ọ? Ẹ bá mi bi í o! Ń ṣe ló ń fọ̀ ọ́, kò wà á rí!"

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ebenezer wà níbẹ̀, ọmọkùnrin tí bàbá rẹ̀ ní lọ́rì agbégẹdú, tó sì tipa bẹ́ẹ̀ sọ ara rẹ̀ di ọ̀gá lórí ohunkóhun tó bá ti ní táyà. Ó mi orí bí adájọ́. "Ọkọ̀ yẹn kì í ṣe ọkọ̀ obìnrin," ló wí. "Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà. Kí ni Sàrátù mọ̀ nípa ohun tó wà lẹ́yìn?"

"Ẹ ó rí i," Sàrátù dáhùn. Bẹ́ẹ̀, òótọ́ pọ́ńbélé ló sọ. Ó ń wa ọkọ̀ náà. Ẹni kan ṣoṣo tó lè jẹ́rìí sí i ni bàbá rẹ̀, bàbá rẹ̀ kì í sì í wá jẹ́rìí ní kíláàsì.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ọkọ̀ tó dá ìjà sílẹ̀. Ìpínlẹ̀ Èkìtì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé nígbà náà, gbogbo ẹni tó bá ti rí iṣẹ́ àgbàṣe gbà ní Adó ló ń gbé mẹsí ọlọ́yẹ́ kọjá ní ìgboro Ìṣẹ́. Ará Ìṣẹ́ kì í yíjú wò wọ́n. Ọkọ̀ kan ṣoṣo ló ń mú wọn dìde lórí àga, ìyẹn Pọ́ṣè aláwọ̀ ewé ti bàbá Sàrátù. Àlàájì Bẹ̀llò ni orúkọ bàbá náà, ṣùgbọ́n nítorí pé ó ti ṣiṣẹ́ ní ìlú Jámánì títí irun rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í funfun, Bàbá Jámánì ni gbogbo ìlú ń pè é. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń bọ̀ wálé láti òkè òkun, wọ́n gbé fìríìjì, wọ́n gbé tẹlifíṣọ̀n. Òun gbé ọkọ̀ asáré kan tó kúrú, tó fẹ̀ nídìí, tí ojú rẹ̀ méjèèjì yọ síta ròbòtò. Àwọn ọmọdé wò ó lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sọ ọ́ ní Ọ̀pọ̀lọ́. Orúkọ náà sì mọ́ ọn lára.

Olóríkunkun ni Ọ̀pọ̀lọ́. Ibi tí àwọn ọkọ̀ yòókù ń kó ẹrù sí, ibẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì tirẹ̀ wà. Ibi tí wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì sí, ibẹ̀ ni òun ń kó ẹrù sí. Ihò kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lápá òsì bíi ti ẹni tó ń fi ọwọ́ òsì kọ̀wé. Èyí tó wá ya àwọn awakọ̀ lẹ́nu jù ni pé kì í mu omi. Kò ní rádíétọ̀. Fáànù ńlá kan ló ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i lára títí ara rẹ̀ á fi tutù, bíi ti ìbátan rẹ̀, Ìjàpá, ọkọ̀ tí àwọn tíṣà ń gùn nígbà kan.

Ohùn rẹ̀ ńkọ́? Ó ń dún hàn-ùn, hàn-ùn, bí àgbà tó jẹun yó, tó wá ń rántí ìgbà èwe rẹ̀. Bó bá ti ń kọjá, àwọn tó ń ta ayò á dá ọwọ́ dúró. Télọ̀ á gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí máṣíìnì. Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń gbọ́ ọ, kò sì tíì sú wọn.

Agbaṣẹ́ṣe kan tilẹ̀ wá láti Adó, ó gbé jíìpù tuntun tí ọ̀rá kò tíì kúrò lórí ìjókòó rẹ̀ wá, ó ní òun fẹ́ fi ṣe pàṣípààrọ̀. "Àlàájì, ọkọ̀ yín ti darúgbó," ló wí.

"Ìwọ náà ń bọ̀ níbẹ̀," Bàbá Jámánì dá a lóhùn, ó sì fún un ní omi tútù mu, ó sìn ín dé ẹnu ọ̀nà.

Nígbà tí àlejò lọ tán, Sàrátù béèrè ìdí. Bàbá rẹ̀ fi ọwọ́ pa Ọ̀pọ̀lọ́ lórí. "Bí nǹkan bá ń ṣe jíìpù yẹn, ń ṣe ni yóò dákẹ́. Èyí kì í fi ohunkóhun pa mọ́ fún mi. Ohun tó bá ń ṣe é, á fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Láti ìgbà ọ̀dọ́ mi la ti jọ wà, kò tíì parọ́ fún mi rí. Èèyàn mélòó lo lè sọ bẹ́ẹ̀ nípa wọn?"

Ṣùgbọ́n ojú Bàbá Jámánì ti ń lọ. Dókítà kò fi bò fún un: ojú náà ń ṣú díẹ̀díẹ̀ bí ilé tí wọ́n ń ti fèrèsé rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì sí oògùn tó lè ṣí i padà. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé, lẹ́yìn ìrun àsùbá ọjọ́ Sátidé, òun àti Sàrátù á jọ gbé ọkọ̀ jáde sójú ọ̀nà tó dá, òun á jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á máa fi etí kọ́ ọ. "Jíà kẹta. Ó ń bẹ̀ ọ́, ìwọ kò gbọ́? Fún un!"

"Nígbà Iléyá," ló máa ń sọ, "ìwọ lo máa gbé mi lọ sí Ìkẹ́rẹ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bí ìyá mi. Nígbà tí mo gbé ọkọ̀ yìí wálé, ìyá mi ni mo kọ́kọ́ gbé sínú rẹ̀, a jọ wo òkè Olósùnta bó ṣe ń yọ sí wa lójú ọ̀nà. Mo fẹ́ jókòó síbí yìí kí n tún fi ojú mi rí i lẹ́ẹ̀kan sí i. Lẹ́yìn ìyẹn, kí ojú máa lọ ní tirẹ̀."

Iléyá sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé tí eré ìdárayá àwọn ilé ìwé bọ́ sí Ẹmùré, Bàbá Jámánì múra láti bá àwọn ará mọ́ṣáláṣí lọ sí Òmùò, níbi tí wọ́n ti fẹ́ kírun sí ọ̀rẹ́ wọn kan tó kú lára.

"Fọ ọkọ̀," ló wí fún Sàrátù. "Ṣùgbọ́n má wà á láìsí mi níbẹ̀."

"Ó dáa, Bàbá."

Ó fọ̀ ọ́ títí ó fi ń dán bí iwájú orí ọmọ tí wọ́n fi àdí pa. Ó ń nu gíláàsì ẹ̀yìn lọ́wọ́ ni Kẹ́mi dé, Ebenezer tẹ̀lé e, àwọn ọmọ kíláàsì mẹ́ta mìíràn tẹ̀lé Ebenezer, gbogbo wọn wọ aṣọ eré ìdárayá.

"A ò rí ọkọ̀ wọ̀," Kẹ́mi wí. "Kò sí epo nílùú, gbogbo bọ́ọ̀sì ló dùbúlẹ̀. Awakọ̀ ẹnu, ìwọ ni ìrètí wa o."

"Bàbá mi ní kí n má wà á."

"Ṣé mo sọ fún yín?" Kẹ́mi pàtẹ́wọ́. "Kò lè wà á!"

Ohun tó ń ti ọ̀dọ́ sí kòtò kì í sábà tóbi. Mo lè ṣe é, ẹ ò gbà pé mo lè ṣe é: ìyẹn nìkan ti tó. Sàrátù nu ọwọ́, ó wọlé, ó yọ kọ́kọ́rọ́ lára ìṣó.

Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún èèyàn méjì àti àpò wọn ni àwọn mẹ́fà rún ara wọn sí. Kẹ́mi gba iwájú. Àwọn yòókù wọ ẹ̀yìn bí ẹ̀wà inú ọ̀lẹ̀lẹ̀, orúnkún Ebenezer sì kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Sàrátù ní "Bísímílláhì," ó ṣáná sí i. Hàn-ùn! Ọ̀pọ̀lọ́ yọ́ jáde lágbàlá bí ọba tó ń jáde sí gbangba.

Wọn kò tíì kúrò nílùú tí Kẹ́mi fi yí ohùn padà. "Sàrátù ọmọ Jámánì! Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ, mo tọrọ lọ́wọ́ bàbá rẹ, mo tọrọ lọ́wọ́ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin!" Àwọn èèyàn ń juwọ́ sí wọn. Orí Sàrátù wú. Ó ń wo ọ̀nà, ó ń wo àwọn tó ń wò ó. Ohun kan ṣoṣo tí kò wò ni abẹ́rẹ́ tó ń sọ bí epo ṣe kù, tó ti sùn gbalaja bí ọ̀lẹ.

Lórí òkè kan tí kò jìnnà sí Ẹmùré, Ọ̀pọ̀lọ́ húkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó tún húkọ́, ó dákẹ́.

Gbogbo wọn já bọ́ sílẹ̀. Irin gbígbóná ń dún tí-tí-tí nídìí ọkọ̀, òórùn ọ́ìlì sì gba afẹ́fẹ́.

"Ó ti hó," Ebenezer kéde. "Omi ló tán. Ẹ wá omi wá!"

"Kì í mu omi," Sàrátù wí.

"Kí ló ń mu? Ẹmu?" Ẹ̀rín sọ. "Lọ́rì bàbá mi ń mu omi. Bọ́ọ̀sì ń mu omi. Mẹsí àwọn ọ̀gá ní Adó, omi náà ló ń mu. Kí ló mú ti bàbá tìrẹ yàtọ̀?"

Ẹ má dá wọn lẹ́bi jù. Ọmọ ilẹ̀ olókè ni wọ́n. Lọ́dọ̀ wọn, kò sí awakọ̀ tó ń gun òkè láìgbé kẹ́ẹ̀gì omi sínú ọkọ̀. Bí ọkọ̀ bá dúró, omi ni wọ́n kọ́kọ́ ń ké sí kí wọ́n tó ké sí Ọlọ́run.

Ebenezer ṣí iwájú ọkọ̀. Ó rí táyà, ó rí ẹní ìkírun. Ó figbe ta: "Ẹ gbà mí! Wọ́n ti jí ẹ́ńjìnnì!"

"Ṣebí ìwọ lo sọ ní kíláàsì pé ẹ̀yìn ló wà," Kẹ́mi rán an létí.

Wọ́n yí sẹ́yìn. Wọ́n rí ìdérí kan lápá ọ̀tún, ó sì jọ ẹnu tó ń retí omi. Ìyá kan tó ń ti odò bọ̀ gbé kẹ́ẹ̀gì kalẹ̀ fún wọn, ó ní, "Ẹ kú uṣẹ́ o, ọmọ mi. Ẹ fún un mu, ulé jìnnà."

Sàrátù mọ ẹnu yẹn. Ó ti rí i tí bàbá rẹ̀ ń rọ ọ́ìlì síbẹ̀. Ó la ẹnu: "Ibẹ̀ yẹn, ọ́ìlì ni wọ́n…"

"Sàrátù, ìgbà wo lo di mẹkáníìkì?" Kẹ́mi bi í. Gbogbo ojú sì wà lára rẹ̀. Ìtìjú mú un. Ó yíjú sí ẹ̀gbẹ́ igbó.

"Ẹ rọ díẹ̀," ló wí.

Ebenezer kò mọ ohun tó ń jẹ́ díẹ̀. Ó da kẹ́ẹ̀gì dé.

Kò pẹ́ tí ọlọ́kadà kan tó ń ta epo ọkọ̀ kiri dé ibẹ̀, jálá méjì so mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. "Ta ló ń ṣàìsàn?" ló béèrè.

"Ọkọ̀ wa ló hó."

Ọkùnrin náà yọjú wo inú ọkọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín títí ó fi di ọ̀kadà rẹ̀ mú. "Ẹ wo abẹ́rẹ́ yìí! Ọkọ̀ yín kò hó. Ebi ló ń pa á! Epo ló tán! Ẹni tí ebi ń pa, ẹ wá lọ rọ omi sí i létí!"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ebenezer bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀ fi dúró, ọkùnrin náà sì bu epo sí ọkọ̀.

"Ó yá, ṣáná sí i ká lọ," Ebenezer wí, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Omi yẹn á gbẹ. Tí a bá ti darí dé, gbé e síbi tí o ti gbé e. Ọkọ̀ àgbà ni. Bó bá kú lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, bàbá rẹ á ní ọjọ́ ogbó ló pa á. Kí ló máa rí? Ṣebí kò ríran."

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn gún Sàrátù bí ẹ̀gún. Òótọ́ ni, bàbá rẹ̀ kò ní rí i. Yóò gbé etí lé ọkọ̀ tí kò parọ́ fún un rí, yóò sì máa wá ohun tó ṣe é kiri, ọmọ rẹ̀ tó mọ̀ á sì jókòó tì í. Ó na ọwọ́ sápá òsì, ó yọ kọ́kọ́rọ́.

"Mi ò ní ṣáná sí i. Ibì kan ṣoṣo ni omi yẹn wà báyìí. Tí mo bá ṣáná sí i, á gba gbogbo inú ara rẹ̀. Mò ń lọ sọ fún bàbá mi."

"Wọ́n á pa ọ́!" Ebenezer wí. Lọ́rì kan tó ń lọ sí Ẹmùré fẹsẹ̀ falẹ̀ lórí òkè náà. Ta ló kọ́kọ́ fò sí i? Ebenezer ọ̀mọ̀ràn ni, láìrántí aago rẹ̀ pàápàá. Àwọn mẹ́ta tẹ̀lé e. Kẹ́mi gbé ẹsẹ̀ kan sókè, ó wo Sàrátù, ó gbé ẹsẹ̀ náà sílẹ̀, ó sì wá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà Ọ̀pọ̀lọ́.

"Máa lọ," ló wí. "Èmi ni mo pè ọ́ ní awakọ̀ ẹnu. N ó máa bá ọ lé ewúrẹ́ kúrò lórí rẹ̀."

Ọlọ́kadà gbé Sàrátù padà sí Ìṣẹ́. Ó ti ń ka ohun tí yóò sọ bọ̀ lójú ọ̀nà, ó rò pé bàbá òun kò ní dé títí di ìrọ̀lẹ́. Ó wọ agbo ilé, ó bá bàbá rẹ̀ tó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Bàbá! Ẹ ò lọ sí Òmùò mọ́?"

"Bọ́ọ̀sì kò rí epo rà. Iwájú mọ́ṣáláṣí la ṣì dúró sí tí Ọ̀pọ̀lọ́ fi kọjá. Gbogbo wọn yíjú sí mi. Wọ́n ní, 'Àlàájì, ta ló ń wa ọkọ̀ yín lọ?' Mo ní ọmọ mi ni. Mo ní èmi ni mo rán an níṣẹ́. Níwájú mọ́ṣáláṣí, Sàrátù. Mo parọ́ nítorí rẹ."

Sàrátù kúnlẹ̀.

"Mo gbọ́ ọ lóhùn rẹ̀ pé ó wúwo," bàbá rẹ̀ ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Ẹ jẹ́ mélòó nínú rẹ̀?"

"Mẹ́fà, Bàbá."

Ó wá sọ gbogbo rẹ̀, kò fi ẹyọ kan pa mọ́, títí kan ibi tó ti ní "ẹ rọ díẹ̀." Bàbá Jámánì kò já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi í nígbà tó parí.

"Lẹ́yìn omi yẹn, ṣé ẹ ṣáná sí i?"

"Rárá, Bàbá."

Bàbá náà fi ọwọ́ méjèèjì bojú. "Alhamdulillah." Sàrátù bẹ̀rẹ̀ sí í mí. "Má tíì mí," bàbá rẹ̀ wí. "Ọlọ́run ni mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mi ò tíì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ."

Wọ́n lọ pe Joseph, mẹkáníìkì tó ń tún àwọn Ìjàpá tó kù nílùú ṣe, tí ẹnu rẹ̀ sì tóbi ju àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ lọ. "Àlàájì, irú ọkọ̀ báyìí, mo lè tú u lójú oorun!" ló ń sọ títí wọ́n fi dé orí òkè náà. Ó bọ́ sílẹ̀, ó yan lọ síwájú ọkọ̀, ó ṣí i, ó sì fi ọwọ́ lé orí. "Háà! Wọ́n ti jí ẹ́ńjìnnì!"

"Ẹ̀yin náà?" Kẹ́mi wí láti ẹ̀gbẹ́ táyà.

Bàbá Jámánì ló dùbúlẹ̀ sórí ẹní tó fi ọwọ́ wá bóòtù tó wà nídìí táńkì ọ́ìlì kàn, tó sì fi ìka Joseph lé e. Joseph tú u. Omi ló kọ́kọ́ dà jáde, ó mọ́ kedere. Ọ́ìlì tẹ̀lé e, ó ti funfun bí ògì. Joseph mi orí, ẹnu rẹ̀ sì rọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. "Ká ní ẹ ti ṣáná sí i ni, irin títà ni à bá máa wò yìí."

Wọ́n fi lọ́rì fà á wálé. Bàbá Jámánì kọ̀, kò gbà kí wọ́n rọ ọ́ìlì yòówù sí i. Irú èyí tí ọkọ̀ náà ń lò, Èkó ni wọ́n ti ń rà á. Ẹ sì ti mọ bí nǹkan ṣe rí: kò sí epo, ọkọ̀ kò rìn, ọ́ìlì kò dé. Kò na Sàrátù. Ó mú un lọ sí mọ́ṣáláṣí lọ́jọ́ Jímọ̀, ó dúró níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó ní, "Èmi kò rán ọmọ mi níṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Irọ́ ni mo pa fún yín." Ó jókòó. Sàrátù ì bá yan pàṣán lẹ́ẹ̀mẹwàá ju ọ̀rọ̀ yẹn lọ. Lójoojúmọ́ tó bá ti ilé ìwé dé, ó ń lọ fọ àwọn páìpù Ọ̀pọ̀lọ́ pẹ̀lú Joseph, Kẹ́mi sì ń bá a gbé kẹrosíìnì.

Iléyá dé. Wọ́n pa àgbò, wọ́n jẹ, wọ́n mu. Ọ̀pọ̀lọ́ wà lábẹ́ aṣọ. Kò sẹ́ni tó dárúkọ Ìkẹ́rẹ́.

Òjò ti ń rọ̀ dáadáa, Sàrátù sì ti parí ìdánwò rẹ̀, kí ọ́ìlì tó dé. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣáná sí i, hàn-ùn, àwọn tó ń ta ayò dìde dúró, télọ̀ sáré jáde pẹ̀lú téèpù lọ́rùn. Bàbá Jámánì tẹ́tí sí i pẹ́, ó sì na kọ́kọ́rọ́ sí ọmọ rẹ̀.

"Bàbá, ẹ ṣì fẹ́ kí èmi wà á?"

"Ta ló tún wà nílùú yìí tí kò ní gbàgbé ibi tí abẹ́rẹ́ epo wà?"

Àwọn méjèèjì nìkan ló lọ. Ọ̀nà mọ́, òjò ti fọ gbogbo ewé. Bí wọ́n ti súnmọ́ Ìkẹ́rẹ́, òkè Olósùnta yọ síta gàgàrà, omi òjò ń dán lára àpáta rẹ̀. Sàrátù na ìka sí i.

"Bàbá, òkè ti yọ o! Òun nìyẹn!"

Bàbá Jámánì yíjú kíákíá, ó ń rẹ́rìn-ín. Ibòmíràn ló yíjú sí.

Sàrátù fa ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. "Ẹ ò rí i, Bàbá?"

"Mo rí ìmọ́lẹ̀," ló dáhùn jẹ́jẹ́. "Nígbà Iléyá, mo ṣì ń rí ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Sàrátù gbé orí lé sítíárì, ó ń sunkún. Bàbá rẹ̀ wá èjìká rẹ̀ kàn. "Wọ́n ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Nínú ọkọ̀ yìí, ìwọ nìkan lo lè ṣe méjèèjì. Nu ojú rẹ, kí o sọ ohun tí o rí fún mi. Má fi kún un, má sì yọ nínú rẹ̀."

Sàrátù nu ojú. Ó sọ bí àpáta náà ṣe dúdú nísàlẹ̀, bó ṣe pọ́n díẹ̀ lókè, ibi tí koríko ti hù sí i, àti bí ìkùukùu ṣe jókòó sórí rẹ̀ bíi gèlè. Bàbá rẹ̀ ń mi orí, ó sì ń fi ọwọ́ ya ohun tó ń gbọ́ sínú afẹ́fẹ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ gbọ́. Òótọ́ tí Sàrátù sọ gba ọkọ̀ là, ó sì tún àárín òun àti bàbá rẹ̀ ṣe. Ká ní irọ́ ló pa ni, méjèèjì ì bá ti bàjẹ́. Ṣùgbọ́n òótọ́ náà kò lè gba ọjọ́ tó ti lọ padà. Bí ẹgbẹ́ bá fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹ ò lè ṣe é, ẹ jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín wọn kì í pẹ́ tán, àmọ́ ohun tí ẹ bá bà jẹ́ nítorí rẹ̀ lè má ní àtúnṣe. Bí ẹ bá sì ti ṣì í ṣe ná, ẹ yára lọ jẹ́wọ́, kí ẹ tó tún ṣáná sí i.